Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Orí Mi

Òórùn kútẹ́ẹ̀sì ló gba yàrá náà kan láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n so wáyà mọ́ mi lórí. Kì í ṣe kútẹ́ẹ̀sì ní ti gidi o, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ wáyà ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jókòó ti ìyàwó ojú ọ̀nà tó ń kun èékánná rí, ẹ ti mọ òórùn náà. Ó wọ imú mi lọ, ó wọ ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí láìnídìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo jókòó sórí àga gíga kan ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀, màmá mi di ọwọ́ mi mú bíi pé wọ́n fẹ́ gbé mi wọ ọkọ̀ òfuurufú, dókítà sì ń fi ẹ̀rọ kékeré kan fẹ́ atẹ́gùn sí mi lórí kí gọ́ọ̀mù náà lè gbẹ. Gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn yẹn bá kàn mí létí ni mò ń bú sẹ́rìn-ín. Dókítà á ní, "Má mira, jọ̀ọ́." Èmi náà á sì mira.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé Ilé-Ifẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, ẹ ó rántí bí nǹkan ṣe rí. Iná ọba kì í dúró, àwọn mọ́tò máa ń tò sí ilé epo títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì máa ń ya bo àdúgbò Mayfair nírọ̀lẹ́ láti wá ra búrẹ́dì. Mayfair yẹn ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, màmá mi sì ń ránṣọ ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù kan náà, tó fi jẹ́ pé òwú àti wáyà ló máa ń pàdé nílẹ̀. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tó bá ti sọ ìrètí nù: "Ohun tó bá ṣì ń pariwo, ó ṣeé tún ṣe." Ó máa ń sọ ọ́ fún èmi náà bí mo bá ń sunkún.

Ìrẹ̀mọ la ń gbé, nínú agboolé tí wọ́n bí bàbá mi sí. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ni yàrá tó kọjú sí àgbàlá, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde tí kò ní rí i. Òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń jí mi láàárọ̀, àti ìró omi tí Ìyá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá. Mùsùlùmí ni òun, màmá mi jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi sì ń bá àwọn méjèèjì ṣe ọdún wọn nítorí ẹran.

Láti bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣubú. Ẹ mọ orúkọ àìsàn náà, wárápá ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa. "Nǹkan yẹn" ni wọ́n ń pè é. Bí àlejò bá béèrè, màmá mi á ní àárẹ̀ díẹ̀ ni. Gbólóhùn kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ rọra o, ayé ń wò wá." Ó máa ń sọ ọ́ bí mo bá ṣubú, ó sì tún máa ń sọ ọ́ bí a bá rẹ́rìn-ín jù, tàbí bí a bá ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan wá gbà á nímọ̀ràn pé kó ki ẹsẹ̀ mi bọ iná nígbà tí nǹkan yẹn bá gbé mi, pé ooru á lé e lọ. Ìyá Àgbà ní ẹsẹ̀ ẹni tó mú ìmọ̀ràn wá ni kó kọ́kọ́ wọ iná, ká fi dán an wò. Wọn kò padà wá.

Ohun tó dùn mí jù ni ti ilé-ìwé. Mo fẹ́ràn ilé-ìwé débi pé mo máa ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Sátidé. Mo fẹ́ràn òórùn ṣọ́ọ̀kì, mo fẹ́ràn kí gbogbo kíláàsì máa ké ìlọ́po lóhùn rara títí ọ̀fun wa á fi há. Tíṣà wa, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló máa ń nà mí, nítorí ó ní n kì í fọkàn sí nǹkan. Á bi mí ní ìbéèrè, màá kàn máa wò ó. Bàbá mi náà mọ ìwà yẹn. Bí mo bá gbé òkèlè sọ́wọ́ nílé tí mo wá ń wò sùn-ùn, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti re Ìbàdàn." Bí mo bá tún ṣẹ́jú, á kí mi pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ṣé ẹ bá wọn dáadáa?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í mọ ohun tí à ń rín.

Lọ́jọ́ tí mo ṣubú ní kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba ojú fèrèsé jáde, nítorí gbogbo wọn ti gbọ́ pé bí itọ́ ẹni tó ṣubú bá ta sí èèyàn lára, òun náà á kó o. Ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pe màmá mi. Kò pariwo. Ó ní kí n ṣì wà nílé ná, títí dókítà kan á fi wá sọ fún òun pé ọ̀rọ̀ náà ti lójútùú. "Ná" yẹn gùn ju sáà ìwé kan lọ. Mo máa ń gbọ́ aago ilé-ìwé láti àgbàlá wa, màá sáré jáde, màá tò sẹ́yìn àwọn ewúrẹ́ Ìyá Àgbà, màá sì kọ orin àárọ̀ fún wọn. Àwọn ewúrẹ́ kì í dúró gbọ́ ọ tán.

Oògùn tí wọ́n ń fún mi nígbà náà kò ṣe ju kó fi oorun kùn mí lójú lọ. Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà yìí. Obìnrin ọmọ Kàlàbá ni, kò ga, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí nǹkan dídùn kan ń dúró dè níwájú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ ní Ifẹ̀, ó sì ti pinnu pé Yorùbá lòun ó máa bá gbogbo èèyàn sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló mọ̀, ohùn wọn ni kò mọ̀. Ó ṣàlàyé fún àwọn òbí mi pé oríṣiríṣi ni àìsàn náà, oríṣiríṣi sì ni oògùn rẹ̀, pé òun kò lè mọ èyí tó bá mi mu àfi bí òun bá mọ irú èyí tó ń gbé mi. Òun fẹ́ kí ẹ̀rọ kan máa ṣọ́ orí mi tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ mélòó kan, nínú ilé wa. Bí nǹkan náà bá wá lójú ẹ̀rọ, òun á mọ oògùn tó yẹ, òun á sì fẹsẹ̀ ara òun lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé mi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí, ó ní, "Mo fẹ́ wo ọ̀pọ̀lọ́ inú orí ẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn máa ń fò sókè. Ìyẹn ló ń gbé ẹ ṣubú."

Ọpọlọ ló ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀lọ́ ló jáde. Màmá mi wo bàbá mi, bàbá mi wo òkè àjà, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fẹ́ tún un ṣe, bó ṣe máa ń fẹ́ tún ohun gbogbo ṣe, ṣùgbọ́n màmá mi fi ìgúnpá gún un, ó sì sọ sí i létí pé, "Ẹ má kọ́ dókítà ní Yorùbá o, kó má baà bínú sí ọmọ yín." Bàbá mi fi ikọ́ bo ẹ̀rín náà.

Ní tèmi, gbogbo nǹkan yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ wà lẹ́yìnkùlé wa, nídìí àmù omi, àwọn ńlá tí ara wọn rí kókó-kókó, tí wọn kì í mira rárá títí dìgbà tí wọ́n bá fò lójijì. Bí nǹkan yẹn ṣe máa ń ṣe mí gan-an nìyẹn! Ó ní láti jẹ́ pé mo gbé ọ̀kan mì pẹ̀lú omi nígbà tí mo kéré, tó wá gòkè dípò kó sọ̀kalẹ̀. Ẹ kò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá ẹnì kan ló fi mí gégùn-ún, pé bóyá nǹkan burúkú kan ló wà lára mi. Kò sí nǹkan burúkú kankan. Ọ̀pọ̀lọ́ lásán ni. Ká tó kúrò ní yàrá yẹn, mo ti sọ ọ́ ní Sàmúẹ́lì.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju rédíò alágbèéká lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, irú kásẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa fi ń gbọ́ orin, àfi pé èyí ń yí díẹ̀díẹ̀ débi pé ọ̀kan ṣoṣo á lò láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ká tó lọ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn wáyà tín-ín-rín tó wà lórí mi kóra jọ sẹ́yìn ọrùn, wọ́n gba abẹ́ aṣọ wọ inú ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì pupa kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá rí i pé nǹkan náà ti dé gbọ́dọ̀ tẹ̀. Dókítà ní a kò gbọ́dọ̀ fọ orí mi, n kò gbọ́dọ̀ fa wáyà, kí n sì máa ṣe gbogbo ohun tí mo máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá mi, tó ti ń wo ẹ̀rọ náà bí ọmọdé ṣe ń wo ẹran nínú ọbẹ̀. Bọ́lá ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nítorí náà dókítà ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u." Bàbá mi ní òun kò ronú kàn án. Irọ́ ló pa.

Ká tó relé, a yà ní ṣọ́ọ̀bù, màmá mi sì fi léèsì tó ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà kan rán àpò fún ẹ̀rọ náà, ó tún rán fìlà tó bá a mu, nítorí ayé ń wò wá. Aṣọ náà ń dán yinrinyinrin. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú takisí ní Ìrẹ̀mọ, àwọn èèyàn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n kí mi kú ewu ni tàbí kí wọ́n kí mi kú oríire.

Bọ́lá ló dá ti kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó sọ fún àwọn ọmọ agboolé pé ẹ̀rọ inú àpò mi ń gba ohùn sílẹ̀, pé wọ́n á gbé e lọ síbi tí àwọn èèyàn ńlá á ti gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tò síwájú mi. Wọ́n ń fẹnu sún mọ́ fìlà mi, wọ́n ń dárúkọ ara wọn. Ọ̀kan kí bàbá rẹ̀ tó wà ní Abidjan, ó ní kó má gbàgbé bàtà. Ọ̀kan kọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òmíràn fi ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn pé ó jí ẹran òun jẹ, ẹ̀gbọ́n náà sì gba etí kejì láti fi sẹ́ ẹ. Mo jókòó láàárín wọn bí ọba, mò ń ní, "Ó tó, kí ẹlòmíràn bọ́ sí i." Díẹ̀ nínú wọn wà lára àwọn tó gba ojú fèrèsé jáde lọ́jọ́sí. Ètè wọn ń kan orí mi báyìí, itọ́ wọn ń ta sí mi létí, kò sì sí ẹni tó rántí ọ̀rọ̀ kíkó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú àwọn àgbà. Ẹnu tí kò lè pe wárápá wá ń pe ọ̀pọ̀lọ́ fàlàlà. Láàárọ̀, bàbá mi á kí mi, á tún béèrè pé, "Sàmúẹ́lì ńkọ́? Ṣó jí dáadáa?" Ìyá Àgbà bínú sí orúkọ náà. Ó ní ta ló ń fún ọmọ lóúnjẹ nílé yìí tí ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ á fi máa jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Sùlè ló yẹ kó máa jẹ́. A jọ jiyàn rẹ̀ títí, a fi gbà pé Sàmúẹ́lì Sùlè ni. Màmá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta, kò sì sọ pé ayé ń wò wá.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Ọ̀pọ̀lọ́ kọ̀, kò fò.

Ṣáájú ìgbà náà, gbogbo àdúrà ilé wa ni pé kí nǹkan yẹn má wá. Màmá mi ń gbààwẹ̀ sí i, Ìyá Àgbà ń ja tẹ̀sùbáà sí i. Dókítà sì ní ó gbọ́dọ̀ wá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, bí mo bá máa padà sí ilé-ìwé. Màmá mi kò mọ bí èèyàn ṣe ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ló rí ọ̀nà rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó tẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run dúnàádúrà: "Yáà Allàh, jẹ́ kó wá lẹ́ẹ̀kan péré. Kó wá lójú ẹ̀rọ. Kó wá lórí ẹní tó rọ̀. Kó má sì tún wá mọ́ láéláé." Màmá mi ṣe àmín láti inú yàrá tirẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ṣe é.

Ìyá Àgbà náà ló gba iṣẹ́ bọ́tìnnì, kò sì fún ẹnikẹ́ni láàyè. Mo sín, ó tẹ̀ ẹ́. Mo yán, ó tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ kan ta gìrì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́lá ń sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti dẹ́rù bà mí, bóyá ọ̀pọ̀lọ́ á ta jí. Bàbá mi kó rédíò àwọn oníbàárà wálé, ó ṣí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí n jó. Mo jó yí àgbàlá ká, léèsì mi ń dán, wáyà ń gbọ̀n lẹ́yìn ọrùn mi, Ìyá Àgbà ń sáré tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, bàbá mi sì ń pariwo pé, "Ọ̀gbẹ́ni Sàmúẹ́lì Sùlè, ẹ jáde wá kí àwọn èèyàn!" Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ bọ́tìnnì.

Kò fò. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ní àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, tí dókítà ń fi oògùn olómi kan yọ gọ́ọ̀mù náà, mo bú sẹ́kún. Mo rò pé mo ti féèlì. Mo rí i pé aago ilé-ìwé á máa dún lọ láìsí èmi, pé àwọn ewúrẹ́ nìkan ni màá máa kọrin fún títí màá fi dàgbà. Màmá mi náà bú sẹ́kún. Bàbá mi wo àwa méjèèjì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irú ilé wo lèyí? Ọmọ ò ṣubú, ẹ wá ń sunkún." Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú omijé, kò sì lè dá a dúró mọ́. Dókítà ní ká máa lọ sílé, ká má ṣàníyàn, pé Ìbàdàn ni wọ́n á kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà lọ, níbi tí ẹ̀rọ tó lè kà wọ́n wà.

Ó pẹ́ díẹ̀ ká tó gbúròó rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ Vọ́kísì, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá, dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Dókítà bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn fò! Ó fò, ó tún fò, kò sinmi!" Ó ní ó ń fò láàárọ̀, ó ń fò nígbà tí mo ń jẹun, àfi pé àwọn fífò kéékèèké ni, tí kì í gbé èèyàn ṣubú. A wo ara wa. Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan. Dókítà ní irú èémí kan wà tó máa ń mú un fò, pé kí n dúró síwájú àwọn ará ilé, kí n máa fa èémí, kí n sì máa fẹ́ ẹ jáde kíákíá bí ẹni tó ń fẹ́ná. Mo fẹ́ ẹ, mo tún fẹ́ ẹ. Bọ́lá ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bọ́lá kò wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Ojú gbogbo wọn ti yí padà, n kò sì rí ìgbà tó yí. Ọwọ́ màmá mi wà lẹ́nu. Mo gbọ́ tí bàbá mi rọra sọ pé, "Ìbàdàn tó máa ń lọ nìyẹn." Dókítà ní, "Ẹn-ẹ́n, òun gan-an ni."

Ó wá ṣàlàyé. Kì í ṣe agídí, kì í ṣe àìfọkànsí. Nígbà tí ojú mi bá ń wò sùn-ùn bẹ́ẹ̀, n kò gbọ́, n kò rí, àìsàn náà ni, ọmọ ìyá èyí tó ń gbé mi ṣubú. Ìdí nìyí tí oògùn àtijọ́ kò fi bá a mu, oògùn tó ń ṣẹ́gun àwọn méjèèjì sì wà. Bàbá mi jókòó sórí àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà. Ó ní, "Èmi sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń na ọmọ mi lé e lórí, èmi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́." N kò fẹ́ kó sunkún, mo sáré gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo sọ fún un pé yẹ̀yẹ́ náà dùn, kó má dá a dúró. Òótọ́ ni mo sọ. Nínú gbogbo èèyàn tí mò ń bá pàdé nígbà tí mo bá dé láti ibi tí n kò mọ̀ pé mo lọ, òun nìkan ló máa ń kí mi káàbọ̀. Ìyá Àgbà ló gbà wá lọ́wọ́ ẹkún. Ó bi dókítà bóyá bọ́tìnnì tí òun tẹ̀ ṣe wọ́n láǹfààní. Dókítà ní òun kò tíì rí aláìsàn kan tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì fún tó bẹ́ẹ̀ rí, pé àwọn tó wà ní Ìbàdàn béèrè bóyá orí ọmọ náà ni wọ́n ń ṣọ́ tàbí orí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo padà sí ilé-ìwé, iwájú ọkọ̀ ìjàpá yẹn ni mo jókòó sí. Màmá mi ti lọ yunifọ́ọ̀mù mi títí ó fi lè dá dúró fúnra rẹ̀. Dókítà dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ìwé, ó sọ fún wọn pé itọ́ kì í kó àìsàn yìí ran ẹnikẹ́ni, pé bí mo bá ṣubú, kí wọ́n yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n má ki nǹkan kan bọ̀ mí lẹ́nu, kí wọ́n dúró tì mí. Ó wá ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀ ló ń fò." Kíláàsì hó. Ọ̀gá ilé-ìwé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wá ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwa náà ní ọ̀pọ̀lọ́ lórí?" Dókítà dá a lóhùn tọkàntọkàn pé, "Gbogbo èèyàn ló ní ọ̀pọ̀lọ́ nínú orí." Mo rí i tí gbogbo wọn rọra gbé ọwọ́ lé orí ara wọn. Tíṣà wa kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wá sí ìdí tábìlì mi, ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́ kí n wá ṣe ìṣirò àkọ́kọ́.

Oògùn tuntun náà ṣiṣẹ́. Ìṣubú dín kù, Ìbàdàn dín kù, àwọn méjèèjì sì dáwọ́ dúró kí n tó wọ girama. Títí di òní ni mò ń lo oògùn. Tíṣà ìṣirò lèmi náà báyìí, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Bí ẹ bá rí mi, ẹ ò ní mọ̀ pé èmi ni mo wọ fìlà léèsì yẹn jó láàárín àwọn ewúrẹ́. Mo máa ń rọra rìn, mo máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ọdún pọ̀ tí mo ti ń fi oògùn mi sínú àpò kékeré nínú báàgì, tí mò ń lọ lò ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i, màá ní oògùn orí fífọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ní wáyà lórí, ó sì ń pe gbogbo àdúgbò wá wò ó. Èmi tí n kò ní wáyà kankan ló ń sá pamọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó, nítorí òun ló kéré jù nínú àwa méjèèjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìpàdé àwọn tíṣà gùn kọjá ààlà, àkókò oògùn mi sì tó. Mo gbé e síta lórí tábìlì lójú gbogbo wọn. Ọkùnrin tó jókòó tì mí, àgbà tíṣà kan tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn?" Ọ̀nà irọ́ ti là sílẹ̀, n kò ní ju kí n mi orí lọ. Ẹ̀rín kan tí mo mọ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí ní ọ̀fun.

Mo ní, "Rárá o, sà. Wárápá ni."

Ó wò mí. Ó wo oògùn náà. Ó ṣí omi tirẹ̀, ó sún un síwájú mi, ó ní, "Ẹ mu ún dáadáa, ẹ má jẹ́ kó há yín lọ́fun." Mo gbé omi náà sẹ́nu, ẹ̀rín gbé mi, omi gba imú mi jáde lójú gbogbo ìpàdé.